Táńkì epo tó ń jò nínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi: bẹ́ ẹ ṣe máa wá ojú ihò, àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i

Bí òórùn epo bá ń jáde nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti lé lógún ọdún, táńkì ni ọkàn gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ó lè jẹ́ òun lóòótọ́. Àmọ́ rọ́bà epo tó ti gbẹ, gásíkẹ́ẹ̀tì (rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ojú ìsopọ̀) orí táńkì tó ti gan, kílíìpù tó ti dẹ̀, àwọn wọ̀nyí náà ń da epo, owó wọn ò sì jọ ti táńkì rárá. Ẹni tó gbé ayùn lé ojú ọkọ̀ kó tó mọ ibi tí epo ti ń jáde lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe iṣẹ́ tí sukurudiráífà ì bá parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi to iṣẹ́ yìí báyìí: ẹ kọ́kọ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ iná, ẹ wá ojú ihò, kẹ́ ẹ tó sọ pé táńkì ti kú. Bó bá sì ti kú lóòótọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ohun tó pa á kúrò níbẹ̀, torí omi ló sábà máa ń pa á, omi yẹn á sì dúró de èyí tuntun.

Ká gba ọkọ̀ lọ́wọ́ iná

Bẹntiróòlù àti dísù kì í ṣe ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gáàsì tó ń jáde lára bẹntiróòlù fi ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè lọ. Ńṣe ló ń rọra sàn lọ sí ìsàlẹ̀ inú ọkọ̀, níbi tí póńpù omi, bátìrì àti sítátà máa ń wà. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná tó ta lẹ́nu síwíìṣì kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ọkọ̀ náà yángá. Òtútù ò sì ní kó má gbaná: ní nǹkan bí 40°C sísàlẹ̀ òdo pàápàá, bẹntiróòlù ṣì ń tú gáàsì tó lè gbaná jáde. Dísù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 50°C kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà dísù tó ń jò máa ń jẹ́ ìdọ̀tí, òórùn àti ilẹ̀ yíyọ̀ kó tó di ìjàǹbá iná. Ẹ má tìtorí ìyẹn gbé sìgá sítòsí ẹ̀ ṣá o.

Bí bẹntiróòlù bá ti dúró nínú ọkọ̀ débi tẹ́ ẹ lè fojú rí i, kì í ṣe iṣẹ́ yín mọ́. Kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀. Ẹ má tan síwíìṣì kankan, ẹ má sì pa èyíkéyìí, títí kan ti fáànù tó ń fa gáàsì jáde, torí inú síwíìṣì gan-an ni iná ti ń ta. Bí ọkọ̀ bá ń gba iná láti etí omi, etí omi ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́. Ẹ má mú sípánà lọ sídìí bátìrì. Ẹ pe panápaná, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn tí ọkọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Bó bá jẹ́ òórùn lásán, ẹ ṣí gbogbo ìdérí sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú ọkọ̀ kọjá dáadáa títí òórùn á fi lọ, kẹ́ ẹ tó tan ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n ní kí fáànù fi ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù jí wà fún ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá. Kì í ṣe oògùn fún èyí tó ń jò.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: póńpù tó ń fa omi jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń so ó mọ́ bátìrì tààrà, tí kò ní gba ọ̀dọ̀ síwíìṣì ńlá kọjá, kó lè máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹnì kankan ò sí nínú ọkọ̀. Bí epo bá ti dà sílẹ̀, póńpù yìí kan náà lè ṣáná, tàbí kó máa da epo sójú omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fọ inú ọkọ̀ mọ́ tán, ẹ yọ wáyà rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú, kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ gbọ́n omi. Ẹ fi aṣọ tó ń mu epo tí kì í mu omi gba epo ilẹ̀. Ẹ má da ọṣẹ olómi sí epo tó ti dé ojú omi, torí rírì ló máa rì í mọ́lẹ̀, kò ní kó o kúrò. Ní Amẹ́ríkà, bí àpẹẹrẹ, òfin kọ̀ ọ́.

Wíwá ojú ibi tó ń jò

Ìbéèrè kan wà tó lè dín iṣẹ́ yín kù sí ìdajì: ìgbà wo ni òórùn náà máa ń le? Bó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún táńkì, tó sì ń pòórá bí epo bá ti lọ sílẹ̀, òkè lẹ máa wá a sí: rọ́bà tí epo ń gbà wọlé, rọ́bà tínrín tí táńkì fi ń mí, àti ojú ibi tí géèjì epo ti wọ inú táńkì. Bí òórùn ò bá yí padà nígbà tí epo ti fẹ́ tán, ẹ fura sí ìsàlẹ̀ táńkì. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan, ẹ fi táńkì sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ lọ wo asẹ́ epo àti rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń lo dísù ní rọ́bà kan lé sí i, èyí tó ń dá epo tó ṣẹ́ kù padà sínú táńkì. Ẹ wo òun náà.

Ẹ wá mú àkísà funfun tó mọ́, kẹ́ ẹ fi nu rọ́bà epo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ jáde síta lọ gbóòórùn rẹ̀. Àkísà mìíràn ni kẹ́ ẹ mú fún rọ́bà tó tẹ̀ lé e. Bí àkísà bá ń rùn epo, rọ́bà yẹn ti ń jẹ́ kí epo gba ara rẹ̀ kọjá, bí kò tiẹ̀ sí ẹ̀kán kan tó ń kán. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí tó ti le gan-an, èyí tó ti sán, èyí tó ti wú tó sì rọ̀ jù, kò sí àtúnṣe fún wọn. Èmi kì í tiẹ̀ dúró dìgbà yẹn. Rọ́bà epo tó bá ti pé ọdún 10, mo ti kà á mọ́ òkú. Ethanol, irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ bẹntiróòlù lóde òní, kì í ṣàánú àwọn rọ́bà ayé àtijọ́. Èyí tẹ́ ẹ máa fi rọ́pò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún epo inú ọkọ̀ ojú omi, tí àmì ISO 7840 tàbí A1 wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè dojú kọ iná fún ìwọ̀nba àkókò. Rọ́bà omi ò lè ṣe é, bó ti wù kó nípọn tó.

Rọ́bà tí epo ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò jù. Ibi tó ti tẹ̀ kọdọrọ, tí epo ti ń dúró sí, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ara ọkọ̀ ló sì máa ń jẹ́, níbi tí ojú ò dé. Ẹ fi dígí kékeré wò ó. Kílíìpù méjì ló yẹ kó wà ní orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jẹ́ irin tí kì í dípẹtà látòkè délẹ̀. Ẹ wo sukúrù wọn, torí àwọn kan wà tí bẹ́líìtì wọn dára tí sukúrù wọn sì jẹ́ irin lásán.

Orí táńkì ló kàn. Ibi tí géèjì wọlé sí sábà máa ń jẹ́ àwo róbótó tí sukúrù márùn-ún dè mọ́lẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn máa ń gan. Ẹ má kàn dè é le sí i, torí sukúrù tẹ́ ẹ bá dè jù á tẹ àwo náà po, jíjò á sì pọ̀ sí i. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí epo ò lè jẹ. Bẹ́ ẹ bá rí sílíkóònù lásán tí ẹnì kan ti fi dí ojú ibẹ̀, ẹ ti rí ẹni tó jẹ̀bi: bẹntiróòlù máa ń mú un wú, á sì bó kúrò.

Dísù tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ ṣòro rí ju bẹntiróòlù lọ, torí kì í fẹ́ lọ, á kàn máa tàn kálẹ̀ títí gbogbo ibẹ̀ á fi rí bákan náà. Ẹ nu gbogbo ẹ̀ gbẹ, ẹ fi ohun tó ń gé ọ̀rá nù ún lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wọ́n pọ́dà ara tàbí kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kun gbogbo ojú ìsopọ̀, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù ni ojú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ojú omi ni ihò kékeré ti yọ sí yín, tó sì jẹ́ ibi tọ́wọ́ ń tó, ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ rọ́ ọ títí tó fi wọ inú ihò. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Ó lè gbé yín délé, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ìyẹn.

Fífa epo kúrò nínú táńkì

Ẹ fa epo kúrò kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun tó wà nísàlẹ̀ ojú epo, kẹ́ ẹ sì gbé ohun ìpaná tí wọ́n ṣe fún iná epo sí ibi tọ́wọ́ yín máa tètè bà. Póńpù ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún epo ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má fẹnu fà á, ẹ má sì lo póńpù kékeré tí wọ́n ń so mọ́ dríìlì, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, torí inú ẹ̀rọ yẹn ń ṣáná ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Epo tó ń ṣàn nínú rọ́bà máa ń kó iná mànàmáná kékeré jọ, nítorí náà ẹ gbé agolo tẹ́ ẹ ń fà á sí sórí ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe sórí ike tàbí kápẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì fi wáyà so agolo onírin mọ́ táńkì kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn.

Páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo kì í dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ gba ojú ihò géèjì kọjá lọ sí igun tó rẹlẹ̀ jù, kẹ́ ẹ fa èyí tó kù níbẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè, ẹ ó sì rí bóyá ìpẹtà tàbí ọ̀rá dúdú wà nínú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ìgò yìí máa sọ fún yín bóyá láti inú ni táńkì ti ń jẹrà. Bẹntiróòlù tó ní ethanol, tí omi ti mú ethanol náà sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, kò yẹ fún ẹ́ńjìnnì mọ́.

Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Èyí tó kún ò ní àyè fún afẹ́fẹ́; èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa gbẹ kún fún gáàsì àti afẹ́fẹ́ tó ti pò pọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ayùn oníná, dríìlì tàbí ẹ̀rọ ìlọrin kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn títí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì á fi sọ pé ó ti mọ́.

Fífi afẹ́fẹ́ dán an wò

Bí ojú ihò ò bá tíì hàn síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á tú àṣírí rẹ̀. Ẹ dí gbogbo ẹnu táńkì, ẹ so géèjì tó ń ka ìwọ̀n kékeré mọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi póńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó pọ̀ jù, kó dé 3 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó, bíi ti táyà), ìyẹn nǹkan bíi 0.2 bar. Mo máa ń dúró sí 2 fún táńkì tó ti gbó. Ẹ má gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ débẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táńkì fẹ̀, ìwọ̀n tí kò ní ṣe táyà ní nǹkan kan lè ya á. Bẹ́ ò bá ní géèjì bẹ́ẹ̀, ẹ mú rọ́bà tó mọ́ gaara, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kó tún gòkè, kẹ́ ẹ bu omi sí i; bí afẹ́fẹ́ bá tì í, ìyàtọ̀ nǹkan bí 70 sẹ̀ńtímítà láàárín omi apá méjèèjì jẹ́ 1 psi.

Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí gbogbo ojú, bí àwọn tó ń lẹ táyà ti ń ṣe, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí ìfófó ọṣẹ ti ń yọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ohun tẹ́ ẹ fi dí ẹnu táńkì, torí àwọn náà máa ń jò, wọ́n á sì purọ́ mọ́ táńkì. Oòrùn tó yọ sí táńkì tàbí ìkùukùu tó bò ó á mú géèjì gòkè sọ̀ kalẹ̀ láìsí ihò kankan, nítorí náà abẹ́ ibòji ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Àtúnṣe ni àbí pípààrọ̀?

Ohun tí wọ́n fi ṣe táńkì ló máa sọ.

Alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ oníbẹntiróòlù, ìta ni ikú sì ti ń wọlé sí i lára. Alumíníọ̀mù ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dáàbò bò ó, afẹ́fẹ́ ló sì ń tún awọ náà ṣe bí ohun kan bá ha á. Bí omi bá há mọ́ abẹ́ táńkì, lórí fóòmù tó ti rin, lórí pákó, lórí rọ́bà pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ́ sí i, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè débẹ̀, awọ yẹn ò ní lè tún ara rẹ̀ ṣe, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀. Ihò kan tẹ́ ẹ rí jẹ́ kòtò tó kọ́kọ́ yọ sódì kejì, àwọn ìyókù ṣì wà lọ́nà. Ìdí tí mi ò fi gba ti ká ní kí wẹ́dà jó o nìyẹn: irin tó wà yí ihò ká ti fẹ́lẹ́ jù láti di iná mú, àtàwọn kòtò tó ṣẹ́ kù á tún fa yín padà wá.

Irin lásán sábà máa ń jẹrà láti inú, látara omi tó silẹ̀ sísàlẹ̀, tàbí láti orí, níbi tí omi iyọ̀ ti ń kán sí i láti ẹnu ibi tí wọ́n ń rọ epo. Irin tí kì í dípẹtà náà ní ibi tí ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Fún táńkì dísù onírin tó nípọn, tí ihò rẹ̀ wà lókè, tí irin yí i ká ṣì le, mo lè gba àtúnṣe láyè: kẹ́ ẹ ha á dé irin tó mọ́, kẹ́ ẹ fi abala irin kékeré àti epóksì (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó ń le gan-an) tó lè gba epo dí i, tàbí kí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ táńkì fọ inú rẹ̀, kó sì jó o. Bẹntiróòlù ńkọ́? Rárá.

Ike tó bá sán ò ṣeé lẹ̀, torí kò sí gọ́ọ̀mù tó ń dúró lára irú ike tí wọ́n fi ń ṣe táńkì. Táńkì fáíbà àtijọ́ ní wàhálà tirẹ̀: ethanol lè yọ́ ohun tó di fáíbà pọ̀, ìyẹn á sì lọ lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Bẹntiróòlù tó ní ethanol ò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ní ti oògùn tí wọ́n ń dà sínú táńkì tí wọ́n á máa mì í kó lè dí ihò láti inú, ó lè dí i. Lẹ́yìn náà ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kó sì máa dí asẹ́ epo nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ́ńjìnnì jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Yíyọ táńkì jáde

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó wọn táńkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ lé táńkì lórí, tí kò sí ojú ọ̀nà tó lè gbà jáde àyàfi bẹ́ ẹ bá gé ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí bẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì kúrò. Bó bá di gígé, ẹ wo ibi tí igi tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró wà, kẹ́ ẹ gé e sí àárín igi kí pákó lè rí ibi jókòó nígbà tó bá ń padà, kẹ́ ẹ sì dín eyín ayùn kù kó má jìn ju pákó lọ. Ẹ ya fọ́tò rọ́bà àti wáyà gbogbo kẹ́ ẹ tó tú wọn.

Táńkì tí fóòmù yí ká ló ń gba sùúrù. Ẹ fi ayùn ọwọ́ gígùn gé fóòmù náà yí i ká, kẹ́ ẹ máa fi igi gbé e díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá ní jáde rárá, ọgbọ́n méjì wà: kẹ́ ẹ fi táńkì kékeré méjì tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé rọ́pò ńlá kan, tàbí kẹ́ ẹ fọ ti àtijọ́ mọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí gáàsì nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóòmù kún un, kẹ́ ẹ sì wá ibòmíràn fún tuntun. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á gbé yín délé.

Táńkì tuntun àti ibi tó máa jókòó sí

Ẹ fi páálí ṣe àwòrán àyè náà, kẹ́ ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà wọlé kó dá yín lójú, kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n ṣe táńkì. Bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ ní kí wọ́n lo irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5052 tàbí 5083. Bó bá jẹ́ ike, ẹ rántí pé epo máa ń mú un wú ní nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà àkọ́kọ́. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí i ká, ẹ má sì fi bẹ́líìtì fún un pa.

Ìjókòó rẹ̀ ni kókó iṣẹ́ yìí. Ẹ fọ àyè náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá ọ̀nà tí omi máa gbà kúrò níbẹ̀. Ẹ lẹ ike líle pẹlẹbẹ tí kì í mu omi mọ́ ìsàlẹ̀ táńkì alumíníọ̀mù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó kún ojú rẹ̀ dọ́gba, kí omi má bàa rí àlàfo wọ̀ láàárín ike àti irin. Lábẹ́ ìyókù, kí àyè wà tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, nǹkan bíi 6 mílímítà ó kéré tán. Ẹ má dá fóòmù padà. Kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ kun ìsàlẹ̀ táńkì pẹ̀lú ọ̀dà epóksì. Bàbà tàbí idẹ ò gbọdọ̀ fara kan alumíníọ̀mù tààrà. Irin tí kì í dípẹtà ni kó wà láàárín wọn.

Gbogbo ẹnu táńkì bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ wà lókè, kí fáàfù tí kì í jẹ́ kí epo fa ara rẹ̀ jáde sì wà lórí ẹnu tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fà á: bí rọ́bà bá já lọ́jọ́ kan, ìwọ̀nba tó wà nínú rọ́bà ló máa dà sílẹ̀. Ẹ fi wáyà so irin ẹnu ibi tẹ́ ẹ ti ń rọ epo mọ́ táńkì onírin, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ òrùka rọ́bà inú ìdérí rẹ̀. Òrùka kékeré yẹn ni omi òjò máa ń gbà wọ inú epo.

Kẹ́ ẹ tó bo ilẹ̀ padà

Ẹ fi afẹ́fẹ́ dán táńkì wò kó tó wọlé, kẹ́ ẹ tún dán an wò nígbà tí gbogbo rọ́bà bá ti wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rọ epo sí i díẹ̀, ẹ nu gbogbo ìsopọ̀, ẹ wò ó. Ẹ wá rọ ọ́ kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ tó padà sí i lórí. Ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ tó dákẹ́ nígbà tí táńkì dé ìdajì máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kún. Sukúrù ni kẹ́ ẹ fi dá pákó padà, kì í ṣe gọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ sì gé ojú fèrèsé kékeré tó ní ìdérí sí ọ̀kánkán géèjì àti ẹnu rọ́bà. Ẹ so póńpù omi padà.

Ó ku táńkì àtijọ́. Ẹ má gé e, ẹ má sọ ọ́ di àdògán tàbí agolo omi, ẹ má sì fún ẹni tó fẹ́ fi jó nǹkan. Gáàsì máa ń sá pamọ́ sínú ìpẹtà àti ojú ìsopọ̀ inú rẹ̀ lẹ́yìn tí òórùn ti lọ tán, ó sì máa ń jáde tí iná wẹ́dà bá kàn án. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ «bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀ rí» sí i lára gàdàgbà, kẹ́ ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń gba irin àlòkù, pẹ̀lú ìkìlọ̀ ẹnu.